Ẹja Tó Ń Jẹ Ẹja: Ta Ló Ń Sanwó Salmon Orí Àwo Wa?

Ẹ yẹ páálí ẹja salmon tó wà nínú fìríìjì yín wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Skọ́tíláǹdì tàbí Nọ́wè ni wọ́n ti sìn ín. Wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ dà, wọ́n kọ iye ọ̀rá inú rẹ̀, wọ́n sì kọ bí ẹ ṣe máa sè é. Ohun tí wọn kò kọ ni oúnjẹ tí ẹja náà jẹ kó tó dàgbà. Òfin ilẹ̀ Britain kò sì sọ pé dandan ni kí wọ́n kọ ọ́.

Oúnjẹ yẹn gan-an la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni apá kan rẹ̀ ti ń wá.

Àwa ọmọ Yorùbá tí à ń kàwé níbí ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí: ẹja inú òkun ń tán lọ, nítorí náà, ẹ máa jẹ ẹja ọ̀sìn. Ó jọ òótọ́. Àjọ FAO, tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ìdá 37.7 nínú ọgọ́rùn-ún agbo ẹja inú òkun ni wọ́n ń pa ju bó ṣe lè bí ara rẹ̀ padà lọ. Ní ọdún 2022, ohun ọ̀sìn inú omi pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi àwọ̀n kó lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tó mílíọ̀nù 94.4 tọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé òkun ti ráyè sinmi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n salmon kì í jẹ ewéko. Ẹja ló ń jẹ ẹja kó tó sanra. Ẹja epìyà lè jẹ ewé àti ọkà, kó sì dàgbà dáadáa. Ẹja àrọ̀ tí àwọn èèyàn wa ń sìn ní Ìkòròdú kì í ṣa oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń po ẹja lílọ̀ díẹ̀ mọ́ oúnjẹ tiẹ̀ náà. Nítorí náà, a ò sọ pé gbogbo ọ̀sìn ẹja ló burú. Ẹja apẹran-jẹ tí wọ́n ń sìn lọ́pọ̀ yanturu fún àwa tí a ti yó tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe oúnjẹ rẹ̀ nìyí. Wọ́n á kó ẹja kéékèèké, irú ṣàwá àti bónga, lọ sí ilé iṣẹ́. Wọ́n á sè é, wọ́n á fún òróró rẹ̀ jáde, wọ́n á gbẹ ìyókù, wọ́n á sì lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ó máa ń gba nǹkan bíi kílò mẹ́rin sí márùn-ún ẹja tútù kí kílò kan ìyẹ̀fun tó jáde. Ìyẹ̀fun yìí àti òróró náà ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń sin ẹja, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ káàkiri ayé. Ẹ lè má mọ orúkọ bónga, àmọ́ ẹ mọ òórùn rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ: ó wà nínú ọ̀rá tí màmá yín ń gbé bọ̀ láti Peckham.

Mọriténíà, Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà ni àwọn ilé iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù ní ẹkùn wa. Gáńbíà la fẹ́ kí ẹ bá wa dé.

Lọ́dún 2016, ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹja ní Gunjur, ìlú apẹja kan létí òkun. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2017, àwọn ará ìlú jí lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé omi ọ̀sà Bolong Fenyo, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko, ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Òkú ẹja léfòó lórí omi. Ọmọ ìlú náà kan tó ń jẹ́ Ahmed Manjang, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, tó ń gbé lókè òkun bíi tiwa, ní Saudi Arabia, bu omi náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí Jámánì kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tó padà wá ni pé májèlé arsenic inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí kò léwu. Phosphate àti nitrate sì jẹ́ ìlọ́po ogójì. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ náà ni Manjang sọ pé ó fà á.

Àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Wọn ò dé ìdí ọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́ tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ níta, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún 25 dọ́là. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, àwọn ará ìlú fúnra wọn lọ hú páìpù tó ń da omi ìdọ̀tí sínú òkun. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ri òmíràn síbẹ̀.

Omi nìkan kọ́ ló bàjẹ́. Ní etíkun yẹn, àwọn ìyá ló máa ń ra ẹja lọ́wọ́ apẹja, tí wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n sá a, tí wọ́n á sì gbé e lọ sí ọjà àwọn ìlú tó jìnnà sí òkun, níbi tí agbára ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti ká ẹran màlúù. Ìyá tó ń fi abọ́ ra ẹja kò lè bá ilé iṣẹ́ tó ń ra ẹja ọkọ̀ odindi du ọjà. Nígbà míì, ilé iṣẹ́ ti san owó sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ kó tó wọ òkun rárá. A ò ní dá apẹja lẹ́bi pé ó tà fún ẹni tó kọ́kọ́ mówó wá. Òun náà ní ọmọ nílé. Àmọ́ nígbà tí ẹja bá dínkù, ilé iṣẹ́ lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbòmíì, ìyá tó ń yan ẹja kò ní ibi tó ń kó ààrò rẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2021, Greenpeace àti àjọ kan tó ń jẹ́ Changing Markets gbé ìwádìí jáde pé ẹja tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń sọ di ìyẹ̀fun àti òróró lọ́dọọdún ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ní ó tó bọ́ èèyàn mílíọ̀nù 33. Lọ́dún 2024, àjọ Feedback ti ilẹ̀ Britain dojú kọ Nọ́wè nìkan: wọ́n ní ẹja tí wọ́n fún òróró rẹ̀ fún salmon ibẹ̀ ní etíkun wa ì bá tó èèyàn mílíọ̀nù 2.5 sí 4 jẹ fún ọdún kan.

Àwọn tó ń sin salmon ní èsì tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní lọ́dún 1990, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ salmon Nọ́wè ló ń ti inú òkun wá. Nígbà tó fi máa di 2020, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 22, torí pé ẹ̀wà sóyà àti òróró ewéko ti rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Salmon tí Nọ́wè ń sìn kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 150 tọ́ọ̀nù lọ nígbà yẹn; ó ti tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ báyìí. Ìpín ẹja inú oúnjẹ náà di ìdá mẹ́rin, iye salmon sì di ìlọ́po mẹ́wàá. Àpapọ̀ ohun tí wọ́n ń fà jáde láti inú òkun ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní Skọ́tíláǹdì níbí ńkọ́? Salmon ni oúnjẹ tí Britain ń tà sókè òkun jù lọ. Inú àwọ̀n ńláńlá létí òkun ni wọ́n ń sìn ín sí, ìgbẹ́ àti oògùn rẹ̀ sì ń jò sínú omi tó yí i ká. Kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ ara ẹja, bí iná orí ṣe ń jẹ orí èèyàn, ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ó sì ń ràn mọ́ salmon ìgbẹ́ tó bá ń kọjá. Lọ́dún 2023, salmon ọ̀sìn tó kú sínú àwọ̀n ní Skọ́tíláǹdì lé ní mílíọ̀nù 17. Ẹ rántí pé ẹja kọ̀ọ̀kan ti jẹ oúnjẹ kó tó kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, àjọ IUCN fi salmon ìgbẹ́ ti Britain sí ara àwọn ẹranko tó wà nínú ewu àkúrun.

Ohun kan wà tí kò yé wa kúrò lọ́kàn. Ọkọ̀ onígi tí wọ́n ń gbé lọ pẹja ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Gáńbíà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ lọ sí erékùṣù Canary tó jẹ́ ti Spain. Lọ́dún 2024, èèyàn tó gba ojú omi dé ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún 46. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja nìkan ló ń lé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe apẹja. Ṣùgbọ́n àwọn apẹja wà lára wọn tó ní àwọ̀n òun kì í kún mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ka èyí, bàbá tàbí ìyá wa ló fi ilé sílẹ̀ wá síbí nítorí àtijẹ. Kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti lóye.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni ju salmon inú fìríìjì rẹ̀ nù. Àwa kan ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó ilé oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ wa, a ṣì ń retí èsì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ tiẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ra ẹja lè lo ìbéèrè tiwa. Ẹja wo ló wà nínú oúnjẹ tí salmon yìí jẹ? Inú omi orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ti kó o? Ṣé àwọn tó ń gbé létí omi náà ń jẹ irú ẹja yẹn?