Orúkọ Ńlá Kò Gba Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Lọ́wọ́ Ìjábọ́

Ìjábọ́ ni kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kúrò ní líìgì tó ga jù lọ bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, nítorí pé ìsàlẹ̀ tábìlì ló parí sáà sí, òfin rẹ̀ kì í sì í bèèrè iye ife tí ẹgbẹ́ náà ti gbà rí. Nínú líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello máa ń pé lé lórí nílé ìwòran ní Samaru, ẹgbẹ́ 20 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ẹni tó borí gba àmì 3, ẹni tó gbá ọ̀mì gba 1, àwọn 3 tí àmì wọn kéré jù sì ń já. Ní NPFL, líìgì tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, 4 ló ń já sí NNL, líìgì kejì.

Leicester City gba ife líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà, Wilfred Ndidi àti Kelechi Iheanacho, ṣì wà níbẹ̀, wọ́n na West Ham ní 2 sí 1, síbẹ̀ ẹ̀pa kò bóró mọ́, nítorí pé góòlù kan ṣoṣo tí Abdoulaye Doucouré jù sáwọ̀n Bournemouth gbé Everton, tí wọ́n jọ ń sá fún ìjábọ́, dé àmì 36, ti Leicester sì dúró sí 34, wọ́n sì já.

Nílé, Shooting Stars Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1976, já ní 2017 pẹ̀lú Gombe United, ABS àti Remo Stars, kò sì padà títí di 2021. Remo Stars tí wọ́n jọ já ló wá gba líìgì ní 2025, nítorí náà ìjábọ́ fúnra rẹ̀ kì í pa ẹgbẹ́. Àìlówó ló ń pa á. Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún ẹgbẹ́ tó já ní ìpín nínú owó tẹlifíṣọ̀n fún ọdún mélòó kan kí ó má baà wó lulẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Nàìjíríà ń wò, àpò ọ̀hún kì í sì í pẹ́ sú gómìnà láti ṣí fún ẹni tó ti já.

Orúkọ ńlá mìíràn ni Ranchers Bees ti Kaduna, tí Daniel Amokachi gbá bọ́ọ̀lù fún rí; ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1988 kí CA Bizertin ti Tùnísíà tó borí wọn. Orúkọ Ranchers Bees ti kúrò lórí tábìlì líìgì gíga tipẹ́. Nítorí náà, ará Samaru, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kaduna kan náà, tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ wo NPFL yóò wọkọ̀ lọ sí Kano tàbí Katsina.