TA NI Ó WA WÚRÀ INÚ AṢÁLẸ̀? ÀYẸ̀WÒ ÌTÀN IBÙDÓ ÌWAKÙSÀ BIR UMM FAWAKHIR NÍ ILẸ̀ ÍJÍBÍTÌ

1.0 Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ wúrà ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́, ohun tí ó sábà máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n bá nínú ibojì àwọn ọba. Àwọn tí ó fọ́ òkúta kí wúrà náà tó jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì wọ inú rẹ̀, èrò kan ni ó gbilẹ̀ láàárín àwọn òǹkọ̀wé: pé ẹrú ni gbogbo wọn, àti pé inú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi kú. Àpilẹ̀kọ yìí fi ìtàn ibùdó kan, Bir Umm Fawakhir, yẹ èrò náà wò. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé èrò náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbé e wọ gbogbo ibi àti gbogbo ìgbà bí ẹ̀wù kan ṣoṣo.

2.0 Ilẹ̀ àti Omi

Inú Aṣálẹ̀ Ìlà-Oòrùn Íjíbítì ni Bir Umm Fawakhir wà, ní nǹkan bí agbedeméjì odò Náílì àti Òkun Pupa, lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba àfonífojì Wadi Hammamat kọjá. Òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, oko kò sì sí. Ohun méjì ni ó gbé ènìyàn débẹ̀. Èkíní ni wúrà, èyí tí ó fara pamọ́ sínú òkúta funfun tí ó la àárín àpáta giranáìtì kọjá bí iṣan. Èkejì ni omi. Ọ̀rọ̀ náà 'bir' gan-an, kànga ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Lárúbáwá. Àpáta kan náà tí ó gbé wúrà pamọ́ ni ó gbé omi pamọ́: omi ń rìn nínú àwọn ẹ̀là wẹ́wẹ́ ara giranáìtì náà títí yóò fi kan irú àpáta mìíràn tí kò gbà á láyè mọ́. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ kànga láti ayé àtijọ́.

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé omi kò lọ́tàá. Nínú aṣálẹ̀, omi ni ó ń pinnu bóyá wúrà yóò di ohun ìní tàbí yóò wà bí òkúta lásán. Òkúta àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n rí ní Kuban, ní ilẹ̀ Núbíà, jẹ́rìí sí èyí. Ọdún kẹta ìjọba Ramesses Kejì ni wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí i lára. Ó sọ pé wúrà pọ̀ ní ilẹ̀ Akuyati, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn tí ó bá lọ wẹ̀ ẹ́ ni ó ń débẹ̀. Òùngbẹ a pa àwọn yòókù lójú ọ̀nà, tàwọn ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn. Seti Kìíní, bàbá Ramesses, ti gbẹ́ kànga tí ó jìn ní 120 ìgbọ̀nwọ́, omi kò sì jáde. Ohun tí òkúta náà fẹ́ kéde ni pé Ramesses rí omi níbi tí bàbá rẹ̀ kò ti rí i. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń yin ọba, ó tú àṣírí ikú àwọn òṣìṣẹ́ láìmọ̀.

3.0 Ẹ̀rí Ààfin

Ẹ̀rí àkọsílẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ nípa àdúgbò Fawakhir ni àwòrán ilẹ̀ kan tí wọ́n yà sórí ìwé páápírọ́ọ̀sì ní nǹkan bí ọdún 1150 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà ìjọba Ramesses Kẹrin. Àwọn onímọ̀ fi ìṣọwọ́kọ̀wé mọ̀ pé akọ̀wé tí ń jẹ́ Amennakhte ni ó yà á. Ilé ọnà Turin ní Ítálì ni ó wà lónìí. Ọ̀nà, òkè àti kànga wà lórí rẹ̀. Àwọ̀ àwọn òkè tí wúrà wà nínú wọn yàtọ̀ sí ti àwọn òkè yòókù, akọ̀wé sì tọ́ka sí ilé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ wúrà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Bir Umm Fawakhir ni ibùdó náà.

Síbẹ̀, ilé àwọn òṣìṣẹ́ ni a rí, a kò rí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ọba kan náà rán ẹgbẹ́ tí ó lé ní 8,000 ènìyàn lọ gbẹ́ òkúta ní Wadi Hammamat. Nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fín sára àpáta níbẹ̀, iye àwọn tí ó kú jẹ́ 900. Kò sí ọ̀rọ̀ ìkẹ́dùn kankan. Wọ́n ka òkú bí ìgbà tí a bá ń ka ẹrù.

4.0 Ẹ̀rí Agatharchides

Inú ìwé Agatharchides, ará Cnidus, ni èrò nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti ṣẹ̀. Gíríìkì ni, ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi ni ó sì gbé ayé. Ìwé rẹ̀ ti sọnù, ṣùgbọ́n Diodorus ará Sicily gba púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, àwọn ọ̀daràn àti àwọn tí a kó lójú ogun ni àwọn ọba ń rán lọ síbi ìwakùsà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹbí wọn. Fìtílà ni wọ́n so mọ́ iwájú orí wọn nínú ihò. Àwọn ọmọdé ń kó òkúta tí wọ́n bá fọ́. Àwọn ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ń gún un nínú odó. Àwọn obìnrin àti àwọn arúgbó ń lọ̀ ọ́ kúnná. Ọmọ ogun tí kò gbọ́ èdè wọn ni ó ń ṣọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ ẹ̀ṣọ́ lọ́kàn.

Àlàyé yìí wọni lára, ó sì fi àánú hàn ju gbogbo àkọsílẹ̀ ààfin lọ. Ṣùgbọ́n ìpẹ̀kun gúúsù Íjíbítì ni ó ń ṣàpèjúwe, kì í ṣe Fawakhir. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

5.0 Ẹ̀rí Inú Ilẹ̀

Láti ọdún 1992, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Chicago, tí Carol Meyer ṣe aṣáájú wọn, ṣe àyẹ̀wò Fawakhir. Tẹ́lẹ̀, èrò àwọn kan ni pé ibùdó ìsinmi àwọn arìnrìn-àjò ayé Róòmù ni. Ohun tí wọ́n rí ni ìlú àwọn awakùsà ti ọ̀rúndún karùn-ún àti ìkẹfà lẹ́yìn ìbí Kristi: ilé tí ó lé ní 200, àwọn olùgbé tí iye wọn tó bí 1,000, ọlọ tí wọ́n fi ń lọ òkúta, àti àpáàdì lọ́pọ̀lọpọ̀. Àmì àgbélébùú wà lára àwọn àwo kan. Odò Náílì ni oúnjẹ àti wáìnì wọn ti ń wá. Wọn kò rí odi yí ìlú náà ká. Ìdí nìyí tí Meyer fi gbà pé kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀.

Ṣé irọ́ ni Agatharchides pa nígbà náà? Rárá o. Ní ọdún 2023, àwọn awalẹ̀pìtàn ará Faransé tí Bérangère Redon jẹ́ olórí wọn rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ irin ní Ghozza, ibùdó ìwakùsà mìíràn ní aṣálẹ̀ kan náà, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni wọ́n rọ ọ́ fún. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ orí àpáàdì láti Ghozza kan náà fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gba owó iṣẹ́. Ẹni tí a dè àti ẹni tí a sanwó fún lè ti wà ní ibùdó kan náà.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni ó hàn gbangba. Àkọ́kọ́, ipò awakùsà yí padà láti ìjọba dé ìjọba àti láti ibùdó dé ibùdó. Èkejì, ẹni tí ó kọ ìtàn ni ó ń yan ohun tí a óò rí: ọba fi wúrà hàn, Agatharchides fi ìyà hàn, àpáàdì fi oúnjẹ àti ilé hàn. Ẹ̀kẹta, àìsí odi kì í ṣe ẹ̀rí pé ara dẹ àwọn ará Fawakhir. Nínú aṣálẹ̀ tí kànga ti jìnnà sí kànga, ẹni tí ó bá di omi mú kò nílò odi púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kánjú. Ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n tún wa wúrà ní Fawakhir, iṣẹ́ tuntun sì ba díẹ̀ nínú ti àtijọ́ jẹ́. Lẹ́yìn ọdún 2011, àwọn tí ń wa wúrà láìgbàṣẹ pọ̀ sí i ní Aṣálẹ̀ Ìlà-Oòrùn, wọ́n sì ti fi katakata tú ọ̀pọ̀ ibùdó àtijọ́ ká. Àkọsílẹ̀ àwọn ọba wà ní ààbò nínú ilé ọnà. Ti àwọn awakùsà, inú ilẹ̀ nìkan ni ó wà. Ibi tí katakata bá sì ti kọjá, kò sí ẹni tí yóò tún kà á mọ́.