Bí Ọ̀dọ́langba Bá Ní Ọkàn Òun Rẹ̀wẹ̀sì, Kí Ni Ẹ Ó Fi Dá A Lóhùn?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 15, ní àdúgbò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti tó oṣù kan tí kò ti rí oorun sùn dáadáa. Oúnjẹ kò wù ú, ẹ̀kọ́ tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì yé e mọ́. Lẹ́yìn tí ó ti dákẹ́ títí, ó ní, "Màámi, kò sí ohun tí ó wù mí mọ́." Ìyá náà kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Kí ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ? Ṣé o kò jẹun ni, àbí a kò san owó ilé ìwé rẹ? Lọ gbé ìkòkò ka iná." Ọmọ náà dìde, ó gbé ìkòkò ka iná, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ìyá yìí kì í ṣe ìkà. Irú èsì tí wọ́n fún òun náà nígbà èwe rẹ̀ ni ó fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀dọ́langba tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú sábà máa ń fi gbólóhùn kékeré kan dán ilé wò. Èsì tí ó bá gbà ni yóò fi mọ̀ bóyá òun lè sọ èyí tí ó kù.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí à ń wí yìí kì í ṣe ìbànújẹ́ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Bí inú ọmọ bá bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tí ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí oorun, oúnjẹ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì yí padà, ẹ mú un sí àìsàn. Nígbà mìíràn, ìbínú ni ẹ ó rí lára ọ̀dọ́langba, kì í ṣe ẹkún; ilé á sì máa pè é ní aláìgbọràn. Ikú ẹni tí ó fẹ́ràn lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìyà ní ilé ìwé, ìfipábánilòpọ̀ tí kò lè sọ, tàbí ìdánwò tí kò yege. Ó sì lè má sí ohun kan pàtó tí ẹ ó tọ́ka sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, nínú ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Nínú ìwádìí tí àwọn oníṣègùn kan tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 lórí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 1,206 ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó lé ní mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà.

Àwọn kan á ní àìsàn òyìnbó ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, àti Alexander Leighton pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, wọ àwọn abúlé Yorùbá lọ láti wádìí àìsàn ọpọlọ. Ní ọdún 1963 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Wọn kò rí orúkọ kan ṣoṣo tí àwọn ará abúlé fi ń pe àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n àwọn àmì rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí wọn: àìrí-oorun-sùn, ẹkún ṣáá, àníyàn àníjù, kí ayé má wu ènìyàn mọ́. Àìsàn náà ti wà láàárín wa. Orúkọ ni kò ní.

Nítorí èyí, ara ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa máa ń gbà sọ ọ́. Wọn á ní orí ń fọ́ àwọn, àyà ń já àwọn, orí ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn àwọn lára. Ìyá á sì ra oògùn ibà. Ibà pọ̀ lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ó sì yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò kò bá fi ibà hàn, tí ẹ sì ti ra oògùn yìí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ béèrè nípa ọkàn ọmọ náà.

Báwo ni ẹ ó ti béèrè? A máa ń wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yìí a máa rọrùn fún ọmọ nígbà tí ojú kò bá ko ojú: nídìí ẹ̀gúsí tí ẹ jọ ń bó, tàbí lójú ọ̀nà ọjà. Bí ó bá ti sọ díẹ̀, ẹ ní, "Mo gbọ́. Láti ìgbà wo ni?" Kí ẹ sì dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ni ó nira jù fún àwa ìyá, nítorí ìmọ̀ràn ti máa ń wà lẹ́nu wa. Ẹ má ṣe sọ ìyà tí ẹ̀yin jẹ ní èwe fún un, ẹ má sì ṣe pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Bí ó bá yẹ kí bàbá gbọ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà pé ẹ ó sọ fún bàbá, kí ó má baà rò pé ẹ tú àṣírí òun. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìyá àgbà tàbí olùkọ́ rẹ̀ ni ó yàn láti bá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe jowú. A kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí àdúrà má ṣe dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè kan wà tí ẹnu máa ń kọ̀ láti bi: "Ǹjẹ́ ó máa ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?" Ẹ bi í. Bíbéèrè rẹ̀ kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Ó máa ń tú ẹrù fún un. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe pariwo, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé kúrò ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Nítorí irú ewu yìí ni àjọ NAFDAC ṣe fi òfin de ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos ní ọdún 2019. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí kò bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó sún mọ́ yín, kí ó fi ìwé rán yín lọ síwájú. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, àwọn oníṣègùn ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ni ìtọ́jú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí dókítà bá kọ oògùn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, bí ara ọmọ bá tilẹ̀ ti yá. Ẹ sì máa ṣọ́ ọmọ náà ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí. Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà lójijì, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

A mọ ohun tí ń ba ọ̀pọ̀ ìyá lẹ́rù. Wọ́n ń rò pé lọ́jọ́ tí ọmọ bá máa lọ sí ilé ọkọ, àwọn ẹbí ọkọ á wádìí, wọn á ní wèrè wà ní ìdílé náà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tí ó rọ́pò òfin àwọn òyìnbó amúnisìn, dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tí ń ṣe irú àìsàn yìí. Òfin kò lè dí ẹnu aládùúgbò, àwa náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá béèrè ibi tí ẹ̀yin àti ọmọ gbà lọ ní òwúrọ̀ yẹn, ẹ sọ fún un pé ara ọmọ kò yá, ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Òtítọ́ ni ẹ sọ.