Ẹ̀rọ Gìtá Kan Kò Dún Bí Èkejì: Etí Ni Kí A Fi Rà Á

Ògbóǹtarìgì onílù kì í torí ṣaworo ra dùndún. Yóò kọ́kọ́ gbé e há abíyá, yóò fún ọṣán rẹ̀, yóò sì fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, kí ó lè mọ̀ bí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ bá yàtọ̀ síra kedere. Ìlù tí kò bá lè ya ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Ariwo lásán ni yóò máa pa. Ó ṣe ni láàánú pé nígbà tí ó bá kan ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá sókè, èyí tí àwọn olórin ń pè ní ampilifáyà, ojú ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rà á. A ó wo bí ó ti tóbi tó, a ó wo orúkọ tí a kọ sí i níwájú, a ó sì san owó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Enugu, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní àdúgbò New Haven. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ akọrin bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, owó àjọdá ni a sábà máa ń lò. Owó oníṣòwò Ọjà Ogbete wà nínú rẹ̀, owó òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ ra ohun tí kò bá orin wa mu, ìjà ni yóò kọ́kọ́ dá sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́, yóò sì pẹ́ kí a tó tún rí òmíràn dá.

Kí ni orin wa ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ náà? Ní nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákárè bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè nínú orin jùjú. Láti ìgbà náà ni gìtá ti lè dúró láàárín ìlù láìjẹ́ pé ìlù bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ayé Ebenezer Obey àti Sunny Adé, gìtá ti di púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń dá, àwọn yòókù ń gbè. Nínú àwo Juju Music tí Sunny Adé gbé jáde ní 1982, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù tún fi gìtá tí a ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀ kún un. Orin highlife àwọn tí ó gbà wá lálejò náà rí bẹ́ẹ̀: gìtá ni òpómúléró orin Celestine Ukwu, Osita Osadebe àti Oliver De Coque. Irú orin báwọ̀nyí ń fẹ́ ohùn tí ó mọ́ gaara. Bí ẹ̀rọ bá ń da ohùn pọ̀, gìtá mẹ́rin yóò dún bí ẹyọ kan.

Àwọn ẹ̀rọ tí òkìkí wọn kàn kò sì jọra. Fender Twin Reverb, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, ní sípíkà méjì tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 12. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì ń dún gooro kódà bí a bá gbé e sókè. Vox AC30 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn Beatles lò, jẹ́ watt 30. Ohùn rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n bí a bá fipá mú un, a bẹ̀rẹ̀ sí í há. Marshall, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní London ní 1962, lókìkí fún ohùn híhá tí ó nípọn, èyí tí àwọn olórin rọ́ọ̀kì fẹ́ràn. Roland JC-120 ti ilẹ̀ Japan, tí ó jáde ní 1975, ń lo transistor. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Fáàfù ni ó sọ mẹ́ta àkọ́kọ́ di olókìkí: ìgò kékeré tí iná ń ràn nínú rẹ̀, irú èyí tí ó wà nínú rédíò àtijọ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún fáàfù, díẹ̀díẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń yí padà. Bí ó bá pọ̀ jù fún transistor, lójijì ni ohùn rẹ̀ ń já, etí kì í sì í gbà á. Ṣùgbọ́n fáàfù ń gbó, ó ń gbóná, ó sì lè fọ́ bí ọkọ̀ bá ń gbé e gba inú kòtò. Ẹgbẹ́ tí ń ti Enugu lọ ṣeré ní Onitsha tàbí Nsukka gbọ́dọ̀ ro èyí dáadáa.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí iye watt tàn yín jẹ. Watt 100 kì í dún ní ìlọ́po méjì watt 50. Díẹ̀ ni ó fi ròkè jù ú lọ. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀rọ ní láti tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá.

Báwo wá ni a ó ṣe dán wọn wò? Kí ẹ gbé gìtá tiyín lọ sí ìsọ̀, nítorí gìtá ọlọ́jà kọ́ ni ẹ ó máa lò. Kí ẹ yí bọ́tìnì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí àárín lórí gbogbo ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ta orin kan náà lórí wọn. Kí ẹ rí i pé ariwo wọn dọ́gba, nítorí èyí tí ó bá fi díẹ̀ ròkè ni etí yóò máa rò pé ó dára jù. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa ta gìtá, kí ẹlòmíràn dúró ní ọ̀ọ́kán, kí ó kẹ̀yìn sí wọn, kí ó má baà mọ orúkọ èyí tí ń dún. Kí ẹ gbọ́ ọ nílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ dé ibi tí ẹ ó gbé e dé ní òde àríyá.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Iná orílẹ̀-èdè wa jẹ́ nǹkan bí volt 230. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan bọ iná wa, láìsí ohun tí yóò dín iná náà kù, ó lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó; iye volt sábà máa ń wà níbẹ̀. Kí ẹ sì dán an wò lórí ẹ̀rọ amúnáwá tí ẹ ń lò, nítorí ohùn tí ó mọ́ lórí iná àdúgbò lè máa kùn lórí ti ẹ̀rọ amúnáwá.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀sán kan péré nínú ìsọ̀ lè gba owó àjọdá ọdún kan là. Ní òde àríyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí a bí sí ẹ̀yìn odi ti ń gbọ́ bí gìtá àti gángan ṣe ń sọ èdè wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ kedere.