Òjò Àkọ́rọ̀ Kò Tó Ẹ̀fọ́ Mu

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí oṣù Kẹta ti wọlé, gbogbo ènìyàn sì ti ń sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti lọ. Ní ọgbà ẹ̀fọ́ àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ìyá àdúgbò jọ ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ ni pé, "Ṣé ká ti gbin nǹkan?" Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn rẹ̀ kò fi rọrùn, àti ìdí tó fi kan ẹ̀yin tẹ́ ò tiẹ̀ fẹ́ràn Agric rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òjò fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti Sàhárà bọ̀ ló ń gbé ọyẹ́ wá bá wa. Tó bá di oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ olómi láti orí Òkun Àtìláńtíìkì a bẹ̀rẹ̀ sí í tì í padà sí Òkè Ọya. Àmọ́ kì í tì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn méjèèjì a máa du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́: lónìí, òjò ńlá pẹ̀lú àrá àti ìjì tó ń ṣí páànù ilé, lẹ́yìn náà, oòrùn ọjọ́ 8, ọjọ́ 10, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ 2. Òjò àkọ́rọ̀ nìyẹn. Òjò tó ṣeé fọkàn tán kì í sábà fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa kó tó di oṣù Kẹrin.

Kí ni èyí wá ń ṣe fún irúgbìn? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Irúgbìn tó gbẹ, oorun ló ń sùn. Ẹ lè tọ́jú irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sínú ìgò fún ọdún kan gbáko, kí nǹkan kan má ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá ti mumi, tí èèpo rẹ̀ ti là, tí gbòǹgbò wínníwínní ti yọ, kò lè padà lọ sùn mọ́. Gbòǹgbò yẹn kò tíì gùn tó èékánná. Tí ojú ilẹ̀ bá gbẹ fún ọ̀sán bíi méjì péré, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, òjò ẹyọ kan tó jí irúgbìn lójú oorun, tí kò sì padà wá mọ́, ó burú ju kí òjò má rọ̀ rárá lọ. Ẹ ó rí i tí ewé kéékèèké bo ojú bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ 4 tàbí 5, ẹ ó máa yọ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ilẹ̀ ti dá páropáro.

Iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ọgbà lásìkò yìí ni pé kí wọ́n ṣe òjò fún ẹ̀fọ́ títí òjò gidi yóò fi dé. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ la máa ń bomi rin ín, torí tó bá jẹ́ ọ̀sán, oòrùn á ti fa púpọ̀ nínú omi náà lọ kó tó dé gbòǹgbò. A kì í sì í da omi báákẹ́ẹ̀tì lé e lórí gbuu. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré débi pé yanrìn gbígbẹ la fi ń pò ó ká tó fọ́n ọn, kó má baà dà jọ sójú kan. Omi tó bá bọ́ lù ú, ṣe ló máa ń wọ́ ọ lọ sínú kòtò. Kẹ́ẹ̀gì tí a dá ihò sí ìdérí rẹ̀ la ń lò.

Ewédú tún ní ìṣòro tirẹ̀. Èèpo irúgbìn rẹ̀ le kankan, omi lásán kò lè tètè wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá máa ń dì í sínú aṣọ, wọ́n á rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, wọ́n á ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá, wọ́n á yọ ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé wọ́n fẹ́ fi irúgbìn sebẹ̀ ni!

Ní ti ìgbẹ́ adìyẹ, àwọn ìyá ti kó o jọ láti oṣù Kejì, torí tútù rẹ̀ máa ń jó ewé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ènìyàn, òun ló sì le jù. Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Ọ̀wẹ̀ ni kéèyàn pe èrò púpọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn. Àáró ni kí àwọn díẹ̀ máa yí i ká láàárín ara wọn: òní tèmi, ọ̀la tìrẹ. Gbèsè ni, dandan sì ni kó o san án. Ọgbà wa, ọ̀wẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ Sátidé tí a ṣán igbó, akẹ́kọ̀ọ́ lé ní 40. Fọ́tò pọ̀ ju ọkọ́ lọ. Nígbà tí ìsinmi Àjíǹde dé, àwọn ìyá 3 ló ń fa omi kànga láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀dì 12 la gbìn, 5 ni wọ́n rí gbà là. Nígbà tí ẹ̀fọ́ tó já, gbogbo wa tún pé pérépéré. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sọ fún wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ ọ̀wẹ̀. Àmọ́ tẹ̀tẹ̀ ò mọ ọjọ́ ọ̀wẹ̀ o." Kò bínú sọ ọ́, àní ṣe ló ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò kọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Kàlẹ́ńdà ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀: ọ̀sẹ̀ tí irúgbìn ń jí gan-an ni táàmù kejì ń parí. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní SS 3 sì ń múra WAEC, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan ní ká kúkú dúró di táàmù kẹta ká tó gbìn. Ó ṣeé ṣe, a ò sì ní pọn omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹ̀fọ́ gbogbo ayé ti kún ọjà, owó rẹ̀ á ti já wálẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó kọ́kọ́ dé ọjà là ń tà ra irúgbìn àti okùn kànga. Ìyókù la ń pín, obẹ̀ àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló sì ń bọ́ sí.

Lójú tèmi, àáró ló yẹ kó gba ipò ọ̀wẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, ènìyàn 4, kí kálukú máa mú ọjọ́ kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kan láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́, iṣẹ́ yẹn kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Bẹ́ẹ̀dì 12 á gba ènìyàn 48, iye àwa tí a wá ṣán igbó lọ́dún tó kọjá kò sì jìnnà sí i. A ò ní bọ́dìn níbí. Ilé ni gbogbo wa ti ń wá, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì lè fẹsẹ̀ rìn dé ọgbà náà.

Ìwé orúkọ wà lára ilẹ̀kùn yàrá Agric. Ènìyàn 31 ló ti kọ orúkọ wọn. Bẹ́ẹ̀dì 3, 7 àti 11 kò tíì ní ẹnì kankan nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa fọ́n irúgbìn. Ẹni tó bá ní kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ ṣì wà, ẹ jọ̀ọ́, kó mú un dání. Ìṣó gbígbóná la ó fi dá ihò sí i.