Òṣùmàrè Ṣáájú Ìmọ́lẹ̀ Àríwá: Kíkun Àwòrán Ojú Ọ̀run gẹ́gẹ́ bí Ọgbọ́n Ìkọ́ni fún Àwọn Ọmọ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àríwá Èkìtì

Ìfáàrà

Nínú ìwé àwòrán kíkùn tí àwọn ọmọdé ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a sábà máa ń bá àwòrán ohun tí kò sí ní àyíká wọn pàdé: yìnyín tí ó bo òrùlé ilé, ẹranko ilẹ̀ olótùútù, àti ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tí ó máa ń tàn lójú sánmà òru ní ìhà ìpẹ̀kun àríwá ayé. Ọmọ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó tí a bá gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún yóò kùn ún tán, olùkọ́ yóò sì máàkì rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni ọmọ náà mọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kò yẹ kí a da àwòrán òkèèrè nù, ṣùgbọ́n òṣùmàrè tí ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Òye nípa ohun méjèèjì

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó wọ inú ẹ̀kán òjò, tí àwọ̀ inú rẹ̀ pínyà, tí ó sì padà sọ́dọ̀ ẹni tí ń wò, ni òṣùmàrè. Kí a tó lè rí i, oòrùn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn wa, kí òjò sì wà níwájú. Bí oòrùn bá ti ga ju ìwọ̀n 42 lọ ní ojú ọ̀run, ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò ní í rí i mọ́. Ìdí nìyí tí òṣùmàrè àárọ̀ fi ń yọ ní ìwọ̀-oòrùn, tí ti ìrọ̀lẹ́ sì ń yọ ní ìlà-oòrùn. Pupa ni ó máa ń wà lókè, elése àlùkò ni ó wà nísàlẹ̀. Bí òmíràn bá yọ lókè rẹ̀, àwọ̀ tirẹ̀ yóò dorí kodò.

Ìmọ́lẹ̀ àríwá kò ní í ṣe pẹ̀lú òjò. Àwọn èérún kéékèèké tí ó ń ti ara oòrùn tú jáde ni agbára òòfà ilé-ayé ń darí lọ sí ìhà ìpẹ̀kun ayé méjèèjì, tí wọ́n sì ń kọlu afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ọ́síjìn ni ó ń fún un ní àwọ̀ ewé ní nǹkan bí kìlómítà 100 sí òkè, ó sì ń fún un ní àwọ̀ pupa bí ó bá ga ju 200 lọ. Náítírójìn ni ó ń mú àwọ̀ aró àti elése àlùkò wá. Norway, Iceland àti Kánádà wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i dáadáa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìjì oòrùn le débi pé a rí i káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Àríwá Èkìtì, tí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí agbedeméjì ayé, jìnnà sí i gidigidi.

Àwòrán àyàsílẹ̀ àti ọgbọ́n inú ọmọ

Viktor Lowenfeld, nínú ìwé rẹ̀ *Creative and Mental Growth* (1947), tako ìwé àwòrán àyàsílẹ̀, nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ láti gbára lé ìlà tí ẹlòmíràn fà. Ní ọdún 1947 yìí kan náà ni àwọn fadá Àgùdà dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí Fadá Kevin Carroll sì ṣe kòkáárí rẹ̀ títí di ọdún 1954. Bandele, ọmọ Areogun, gbẹ́nàgbẹ́nà láti Òsì-Ìlọrin, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́. Ìtàn Bíbélì tí ó ti òkèèrè wá ni a gbé fún wọn, ṣùgbọ́n ìrísí àti aṣọ Yorùbá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ òde òní lè rí kọ́ ní Ọ̀yẹ́ ni pé ohun àjèjì kò ba ọnà jẹ́, bí ọwọ́ oníṣẹ́ bá ti ní ohun ìbílẹ̀ tí yóò fi gbà á.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú èdè Yorùbá

Funfun, dúdú àti pupa ni òpó mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ Yorùbá dúró lé. Ọmọ tí ó bá pe àwọ̀ ọsàn ní pupa kò ṣìnà. Pupa Yorùbá gbòòrò ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Òṣùmàrè gan-an kò ní ààlà láàárín àwọ̀ kan sí èkejì. Isaac Newton ni ó yàn láti pín in sí méje. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti ran ọmọ lọ́wọ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ ṣe ìyàtọ̀: pupa fòò, pupa rúsúrúsú, pupa bí epo, pupa bí osùn, dúdú bí aró, àwọ̀ ewé. Bí ọmọ bá kùn láìsọ̀rọ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí láti ọdún 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n kéde pé àwọn ti wọ́gi lé e. Bí èdè bá ń pàdánù àyè báyìí, iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ibi tí olùkọ́ ti lè dáàbò bo ọ̀rọ̀ àwọ̀ kí ó má baà parẹ́ lẹ́nu ọmọ.

Ìgbésẹ̀ nínú kíláàsì

(i) Ní àsìkò òjò, kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ síta bí òṣùmàrè bá yọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibi tí oòrùn wà, kí wọ́n tó sọ àwọ̀ tí wọ́n rí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

(ii) Kí wọ́n pèsè àwọ̀ láti inú ohun àyíká: osùn, ẹfun, èédú, ẹlú, ata ilẹ̀ pupa, omi ewé ẹ̀fọ́. Olùkọ́ ni kí ó gún ohun tí ó bá le.

(iii) Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya òṣùmàrè fúnra rẹ̀ lórí pépà funfun, láìsí ìlà àyàsílẹ̀.

(iv) Ní ọjọ́ mìíràn, kí olùkọ́ fi fọ́tò ìmọ́lẹ̀ àríwá hàn wọ́n. Kí wọ́n fi èédú pa pépà dúdú, nítorí òru ni ó ń yọ, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ fa ìlà sórí rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìka fà á sókè bí aṣọ títa.

(v) Kí ọmọ gbé iṣẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sọ ìyàtọ̀ wọn: ọ̀sán àti òru, omi òjò àti afẹ́fẹ́ òkè, ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní ti ìgbéléwọ̀n, kí olùkọ́ má fi máàkì fún àìkùn-kọjá-ìlà. Ohun mẹ́ta ni kí ó wò: ǹjẹ́ ètò àwọ̀ bá ohun tí ọmọ rí mu? Ǹjẹ́ ó ní ọ̀rọ̀ fún àwọ̀ tí ó lò? Ǹjẹ́ ó lè sọ ìdí tí ilẹ̀ àwòrán kan fi funfun tí èkejì sì fi dúdú?

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé kíkun àwòrán lè jẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ èdè àti ẹ̀kọ́ ọnà lẹ́ẹ̀kan náà, bí olùkọ́ bá tò ó bí ó ti yẹ. Ọmọ tí ó ti mọ òṣùmàrè yóò ní òṣùwọ̀n tí yóò fi wọn ìmọ́lẹ̀ àríwá nígbà tí ó bá bá a pàdé nínú ìwé, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e dé ọ̀hún. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ọwọ́ ara wọn po àwọ̀ wọ̀nyí ṣáájú ìdánrawò ìkọ́ni, nítorí olùkọ́ tí kò bá tí ì po osùn rí kò ní í lè dáhùn nígbà tí ọmọ bá béèrè ìdí tí pupa rẹ̀ kò fi jọ pupa inú ìwé.