Àtúntò Ọpọlọ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ àti Àyẹ̀wò tí Ó Yẹ kí Ó Ṣíwájú Rẹ̀

‘Brain box’ ni àwọn mẹkáníìkì ń pe àpótí kékeré tí ó ń darí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òde òní. Orúkọ náà bá a mu, ṣùgbọ́n ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: gbogbo àìsàn ọkọ̀ ni wọ́n ń dì ru ọpọlọ. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti etí àpótí yìí. Ìròyìn wọn ni ó fi ń mọ ìwọ̀n epo tí yóò tú sílẹ̀ àti ìgbà tí pílọ́ọ̀gì yóò ṣáná. Kókó bébà yìí ni pé ẹni tí ó bá nu ìrántí àpótí náà kí ó tó kà á, ẹlẹ́rìí ni ó lé kúrò ní kóòtù kí ó tó sọ̀rọ̀.

Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ètò OBD-II, pẹ̀lú ihò kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ti ẹ̀rọ akàmì bọ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wọ Èkó láti ọ̀hún ní in. Bí àléébù bá wà, àpótí yóò kọ àmì rẹ̀ pamọ́, yóò sì tan iná ìkìlọ̀. Àmì P0171, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Kò sọ ohun tí ó fà á. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí ó lu lè fà á, pọ́ǹpù epo tí agbára rẹ̀ ti dín lè fà á. Síbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tí ó kàn jíṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń yọ dànù.

Èyí tí ó ń náni lówó jù ni àpótí tí ó dàbí òkú. Fólítì 5 ni àpótí ń pín fún ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀. Bí wáyà ọ̀kan bá bó tí ó sì kan irin, iná gbogbo wọn lè wó lulẹ̀. Rewáyà tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wo bátìrì (nǹkan bí fólítì 12.6 bí ó bá kún), fíúsì, àti wáyà tí ó so àpótí mọ́ ara ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí fólítì 5 yóò fi padà. Ẹni tí ó sáré ra àpótí mìíràn lè rí i pé ẹ́ńjìnnì kò jí síbẹ̀, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àpótí àjèjì kò mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe ni ìparẹ́ tó kàn. Ẹ̀rọ akàmì ni ó dára jù fún un. Yíyọ orí bátìrì, ti òdì ni àkọ́kọ́, lè ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó lè pa ohun tí àpótí ti kọ́ rẹ́, kí ẹ́ńjìnnì sì máa gbọ̀n lórí ìdúró fún ìgbà díẹ̀. Àpótí yóò tún àyẹ̀wò ara rẹ̀ ṣe bí wọ́n ti ń wa ọkọ̀, láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì tutù títí yóò fi gbóná, ní eré díẹ̀ àti ní eré púpọ̀. Èyí sì lè gba ọjọ́ mélòó kan kí ó tó parí.